Ká Kúrò Lórí Android Bọ́ Sórí iPhone, Àbí Ká Dúró?

  

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí dá lórí fóònù. Kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ o. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń béèrè nípàdé ni mo fẹ́ fọwọ́ bà. Àwọn ọmọ wa nílé ń sọ pé ká ta Tecno, ká ra iPhone. Àwọn ọmọ tó ń ta fóònù náà, bí wọ́n bá ti rí wa ni wọ́n ń pè, "Màmá, ẹ ti ju Android lọ, ẹ wá wo iPhone tòkunbọ̀." Ìyá kan tó ń ta láàsì lọ́dọ̀ wa ní Akóbò ti ń kó owó jọ fún un láti bí oṣù mẹ́fà. Ó bi mí pé, "Akọ̀wé, ẹ̀yin náà kí lẹ rò sí i?" Mo ní kó jẹ́ kí n kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́, kí gbogbo wa jọ gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Android kì í ṣe orúkọ fóònù kan. Ẹ̀mí tó ń gbé inú fóònù ni. Google ló ni ín, oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ ló sì ń lò ó: Samsung ti Kòríà ń lò ó, Tecno, Infinix àti itel náà ń lò ó. Àwọn mẹ́ta ìkẹyìn yìí, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ilé-iṣẹ́ Transsion ti ìlú Shenzhen ní Ṣáínà ló bí wọn. Fóònù Android àkọ́kọ́ jáde ní 2008. iPhone ti ṣáájú ẹ̀ ní ọdún kan, 2007 ló dóde. Apple ti Amẹ́ríkà nìkan ló ń ṣe é, wọn ò yá ẹlòmíràn lò. Ìdí nìyẹn tí Android fi wà fún olówó tó tún wà fún mẹ̀kúnnù, tí owó iPhone kì í sì í wálẹ̀ bọ̀rọ̀.

Torí náà, ẹni tó kúrò lórí Tecno bọ́ sórí Samsung, inú ọjà kan náà ló wà, ìsọ̀ ló pààrọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kúrò lórí Android bọ́ sórí iPhone, ó dà bí ẹni tó palẹ̀ ẹrù mọ́ ní Akóbò tó lọ pàtẹ sí Bódìjà. Ẹrù lè dé ibẹ̀. Ṣé gbogbo ẹrù ló máa dé ni? Ṣé oníbàárà sì mọ ọ̀nà ibẹ̀? Ohun tó yẹ ká bi ara wa nìyẹn, kì í ṣe pé èwo ló rẹwà jù.

Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà lọ́jà lásìkò BlackBerry, ẹ rántí. Oṣù kẹjọ 2001 ni fóònù GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, Econet àti MTN ló kọ́kọ́ ṣí i. Nígbà tó fi máa di bí 2010 sí 2013, BlackBerry ti gba ìgboro. Ẹni tí kò bá ní in, wọn kì í kà á kún ẹni tó lajú. Ilé-iṣẹ́ Kánádà kan ló ń ṣe é, owó dátà tirẹ̀ sì dá yàtọ̀, a ń san án lóṣooṣù. Àwọn aláṣọ àti oníbàtà a máa gbé àwòrán ọjà wọn sórí BBM, ọjà sì ń tà. Oníbàárà tuntun tó bá dé, kì í béèrè nọ́ńbà fóònù mọ́. PIN ló ń béèrè. PIN yìí jẹ́ àmì mẹ́jọ, inú fóònù BlackBerry gan-an ló ń gbé, kì í bá síìmù rìn.

Nígbà tó yá, Android olówó pọ́ọ́kú kún ọjà, WhatsApp dé, nọ́ńbà fóònù lásán ni WhatsApp sì ń lò. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Oṣù kẹwàá 2013 ni àwọn BlackBerry tó ṣílẹ̀kùn BBM fún Android àti iPhone, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. WhatsApp fi BlackBerry sílẹ̀ nígbà tí 2017 parí. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún 2019, wọ́n ti BBM tí gbogbo ayé ń lò pa. Láti ọjọ́ 4 oṣù kìíní 2022, wọn ò tọ́jú ẹ̀mí inú BlackBerry àtijọ́ mọ́. Ó parí.

Ẹni tó ti gba nọ́ńbà fóònù oníbàárà ẹ̀ sílẹ̀ kó wọn dání lọ sórí WhatsApp. Ẹni tó jẹ́ pé PIN nìkan ló ní, ó dà bí ẹni tó ń wá aláàárù tó gbé ẹrù ẹ̀ lọ tí kò mọ orúkọ ẹ̀. Oníbàárà ṣì wà láyé, owó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ọ̀nà àtidé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni ò sí. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn bá a ṣe ń lọ. Nínú fóònù yín, àwọn nǹkan kan jẹ́ tiyín, àwọn kan sì jẹ́ ti ẹni tó ni ẹ̀mí inú ẹ̀.

Nọ́ńbà yín, tiyín ni. Síìmù á bá yín lọ síbikíbi. Kódà láti oṣù kẹrin 2013 ni NCC ti fàyè gba pé kéèyàn gbé nọ́ńbà ẹ̀ láti nẹ́tíwọ̀kì kan lọ sí òmíràn láìpààrọ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n iye síìmù ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa ló ní méjì, ọ̀kan fún báńkì, ọ̀kan fún dátà tó wọ́n díẹ̀ kéré. Tecno àti itel kò ka síìmù méjì sí nǹkan kan. iPhone kò ní àyè ìlà méjì àfi láti 2018, àwọn XS àti XR. Nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, síìmù gidi kan ló ń wọ̀ ọ́, ìkejì jẹ́ eSIM, síìmù tí ojú ò rí, tí wọ́n ń fi íntánẹ́ẹ̀tì gbé sínú fóònù. Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa: iPhone 14 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 2022, kò ní ojú ihò síìmù rárá. eSIM nìkan ló ń lò. MTN àti Airtel ń ṣe eSIM, ó sì lè gba pé kẹ́ ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn kí wọ́n tó bá yín yí i. Ìyá tó bá dé ilé kó tó wá ojú ihò tó máa ki síìmù bọ̀, a ò ní dá a lẹ́bi pé ó bú ọmọ tó tà á fún un.

Nọ́ńbà àwọn oníbàárà ló kàn. Ibo ni wọ́n wà? Ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀. Wọ́n lè wà nínú síìmù, wọ́n lè wà nínú fóònù fúnra ẹ̀, wọ́n sì lè wà nínú Gmail. Èyí tó wà nínú Gmail ló rọrùn jù, nítorí Gmail ń ṣiṣẹ́ lórí Android, ó ń ṣiṣẹ́ lórí iPhone. Ẹ ó kàn kọ orúkọ Gmail yín àti pásíwọ́ọ̀dù sínú fóònù tuntun, wọ́n á tò wọlé bí àkẹ́kọ̀ọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọmọ tó ta fóònù àkọ́kọ́ fún yín ló ṣí Gmail náà. Òun ló mọ pásíwọ́ọ̀dù. Ẹ wá a kàn báyìí, kẹ́ ẹ tó ronú àtipààrọ̀ fóònù. Bẹ́ ẹ bá ti pàdánù ẹ̀, ẹ ṣí tuntun pẹ̀lú ọmọ yín, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tó máa wà nílé, kì í ṣe sínú fóònù.

WhatsApp le díẹ̀. Inú ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń tọ́jú gbogbo nǹkan sí: ẹni tó jẹ gbèsè, ìwọ̀n aṣọ, àdírẹ́sì ibi tá a máa gbé ọjà lọ, ohùn ẹni tó ní òun á sanwó tó bá di òpin oṣù. Lórí Android, Google ló ń bá WhatsApp tọ́jú ẹ̀dà ọ̀rọ̀ yẹn. Lórí iPhone, iCloud ti Apple ni. Àwọn méjèèjì ò gbọ́ èdè ara wọn. Kí ọ̀rọ̀ tó kọjá láti Android sí iPhone, ọ̀nà tó wà láti 2022 ni áàpù kan tí wọ́n ń pè ní Move to iOS. Ó ní òfin tirẹ̀: iPhone náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun tàbí èyí tí wọ́n pa ohun inú ẹ̀ rẹ́ pátápátá. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ náà lẹ máa lò. Fóònù méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí iná, kí wọ́n sì wà lórí Wi-Fi kan náà. Bí ọmọ tó ta fóònù bá ti tètè bá yín ṣí iPhone náà, tó ti gbé àwọn áàpù sí i kẹ́ ẹ tó rántí WhatsApp, àfi kẹ́ ẹ tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yìí kì í sọ fún èèyàn, wọ́n á ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ò ṣe nǹkan kan." Fún ọmọ ogún ọdún, lóòótọ́ ni. Fún ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè, ọ̀rọ̀ àtijọ́ lowó.

Èrò tèmi ni pé àwìn ò yẹ kó wà nínú WhatsApp nìkan, lórí fóònù yòówù. Ìwé ẹ̀ṣọ̀ọ́ wẹ́wẹ́ tí àwọn ọmọ fi ń lọ sílé ìwé, ẹ ra ọ̀kan. Kẹ́ ẹ kọ orúkọ, nọ́ńbà, iye, àti ọjọ́. Àwa tá a ń gba àjọ, ẹ má jẹ́ ká sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìyẹn.

Báńkì ńkọ́? Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023 tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà, tí owó ò sí níta, tí oníbàárà ń bẹ̀ wá ká gba tírànsífá, kò sí ìyá ọlọ́jà tí kò mọ ohun tí áàpù báńkì já mọ́. Áàpù náà máa ń mọ fóònù tó ń gbé. Tẹ́ ẹ bá gbé e sórí fóònù tuntun, ó máa béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ yín: nọ́ńbà káàdì, BVN, nígbà mìíràn fọ́tò ojú. Báńkì mìíràn á tún dín iye owó tẹ́ ẹ lè fi ránṣẹ́ kù fún ìgbà díẹ̀ títí wọ́n fi máa gbà pé ẹ̀yin ni. Torí náà ẹ má pààrọ̀ fóònù ní ọ̀sẹ̀ Iléyá tàbí ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì tẹ́ ẹ fẹ́ lọ kó ọjà. Kóòdù báńkì, bíi *894# ti First Bank tàbí *737# ti GTBank, kò ní wàhálà kankan, síìmù ló ń bá rìn, ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù tọ́ọ̀ṣì pàápàá.

Wọ́n máa ń sọ pé iPhone ní ààbò ju Android lọ. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí Apple ń ṣọ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ áàpù ń gbà wọ iPhone. Android máa ń gbà kéèyàn gbé áàpù wọlé láti ibòmíràn, ibẹ̀ sì ni olè ń gbà wọlé. Ẹ rántí àwọn áàpù ayánilówó tó ń ka gbogbo nọ́ńbà inú fóònù, tó ń kọ̀wé sí àna àti oníbàárà èèyàn pé olè ni. Ìjọba fi òfin lé wọn ní 2022 láti ọwọ́ FCCPC, Google náà sì kà á léèwọ̀ fún wọn ní 2023 láti máa wo nọ́ńbà inú fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá pè yín pé báńkì lòun, tẹ́ ẹ sì fi ẹnu ara yín ka nọ́ńbà àṣírí fún un, iPhone ò lè di yín lẹ́nu mú.

Ó kan ọ̀rọ̀ owó. Ní oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba tú náírà sílẹ̀, dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí 460 náírà kọjá 1,500 kí oṣù kejì 2024 tó parí. Gbogbo fóònù tó ń wá láti òkè òkun gbẹ́sẹ̀ lé e. Ẹ má kàn wo iye tí wọ́n pè é, ẹ fi ọjà yín ṣírò ẹ̀. Ká ní iPhone tòkunbọ̀ kan jẹ́ 400,000 náírà. Ká ní èrè tẹ́ ẹ ń jẹ lórí àpò ẹ̀wà kan jẹ́ 5,000. Àpò 80 lẹ máa tà kẹ́ ẹ tó dá owó fóònù yẹn padà, ẹ ò sì tíì jẹun níbẹ̀. Ìyá oníláàsì wa, tó jẹ́ pé èrè aṣọ kan lè tó 15,000, aṣọ 27 ni tirẹ̀. Ìṣirò ò jọra.

Tẹ́ ẹ bá wá pinnu pé ẹ fẹ́ rà á, yálà ní Dùgbẹ̀ ni o, tàbí ní Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ má ra tòkunbọ̀ ní ìkánjú. Ẹ ní kí wọ́n tan án níwájú yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá béèrè ímeèlì àti pásíwọ́ọ̀dù ẹnì kan tí kì í ṣe yín, ẹ gbé e kalẹ̀. Láti 2013 ni Apple ti ń ti fóònù mọ́ orúkọ ẹni tó ni ín. Èyí tí wọ́n jí, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ lò ó, tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ò tiẹ̀ ní tàn fún yín. Ẹ tẹ *#06#, nọ́ńbà tó bá jáde gbọ́dọ̀ bá ti orí páálí mu. Ẹ lọ sínú Settings, ẹ tẹ General, ẹ tẹ About, kẹ́ ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Carrier Lock sí. "No SIM restrictions" ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì òkè òkun kan ló dè é mọ́lẹ̀, síìmù wa lè má wọ̀ ọ́. Ẹ wo ibi bátìrì náà: tí agbára ẹ̀ bá ti wà lábẹ́ 80 nínú 100, owó bátìrì tuntun ti wà lọ́nà. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí tí iná ń ṣe ségesège, mi ò fojú kéré ìyẹn, bátìrì Tecno àti itel sábà máa ń tóbi ju ti iPhone lọ.

Ẹ tún wo ọjọ́ orí ẹ̀. Wọ́n ń ta iPhone 6 lówó pọ́ọ́kú, ó sì ń dán. 2014 ni wọ́n ṣe é, WhatsApp sì ti kúrò lórí ẹ̀ láti oṣù karùn-ún 2025. Kí ni ìyá ọlọ́jà fẹ́ fi fóònù tí kò ní WhatsApp ṣe? Ṣájà náà, títí dé iPhone 14, tirẹ̀ dá yàtọ̀. iPhone 15 ti 2023 ló bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú ẹnu ṣájà tí Android ń lò. Ẹ ò ní lè yá ṣájà lọ́wọ́ ará ìsọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe.

Ta ló wá yẹ kó kó lọ? Ẹlẹ́fọ̀ọ́, ẹlẹ́ja, alátà, oníẹ̀wà, àwa tí oníbàárà wa ń fẹsẹ̀ rìn wá, tó jẹ́ pé ìpè, alẹ́ẹ̀tì àti ìwọ̀nba WhatsApp là ń lò, mi ò rí ohun tá a ń wá lọ síbẹ̀. Tí fóònù bá ti gbó, ká ra Android mìíràn tó jẹ́ tuntun nínú páálí. Aláṣọ, oníbàtà, ẹni tó ń tà fún àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé fọ́tò àti fídíò ló ń ta ọjà ẹ̀, ó lè jẹ èrè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ dán an wò. Kó yá iPhone ọmọ ẹ̀ fún wákàtí kan, kó ya láàsì kan náà pẹ̀lú fóònù méjèèjì nínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, kó fi méjèèjì ránṣẹ́ sí oníbàárà mẹ́ta, kó béèrè èyí tó bá àwọ̀ aṣọ mu. Kó tẹ HD lórí WhatsApp kó tó fi ránṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ WhatsApp á fún fọ́tò náà pọ̀. Kó sì fi aṣọ nu ojú kámẹ́rà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, mo ti rí kámẹ́rà tí epo ẹja bò, tí wọ́n ń sọ pé Android ò dáa.

Owó tẹ́ ẹ máa fi rà á, ó yẹ kó jẹ́ èrè tó ti jókòó. Kì í ṣe owó ọjà, kì í ṣe owó àjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn yín, ká má tiẹ̀ sọ ti ẹ̀yáwó.

Ohun tí mo sọ fún ìyá oníláàsì nìyí. Ó ní oníbàárà tó lé ní igba lórí WhatsApp, ó sì tó mọ́kàndínlógún nínú wọn tó jẹ ẹ́ lówó. Mo ní kó kọ́kọ́ da orúkọ àwọn mọ́kàndínlógún náà sínú ìwé, pẹ̀lú iye àti ọjọ́. Kó ní kí ọmọ ẹ̀ kó gbogbo nọ́ńbà sínú Gmail. Lẹ́yìn náà ni kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ya fọ́tò ìdánwò tí mo wí. Tí oníbàárà bá fọwọ́ sí ti iPhone, kó rà á ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ tí ọjà ò bá le, kó ní kí wọ́n ṣe ti WhatsApp kí wọ́n tó ṣe nǹkan mìíràn, kó sì ṣí àwọn ọ̀rọ̀ bí mẹ́wàá wò níwájú wọn, pàápàá àwọn tó ní ohùn nínú. Ìwé ti kún dé orúkọ kẹrìnlá nígbà tí mo rí i kẹ́yìn. Ó ní méjì ti san nígbà tí òun pè wọ́n láti bi iye tó kù.

Fóònù àtijọ́ ńkọ́? Ẹ má tà á lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ra tuntun. Ẹ jẹ́ kó wà nílé fún oṣù kan, títí báńkì, WhatsApp àti fọ́tò á fi dúró sójú kan. Ìgbà yẹn lẹ tó yọ Gmail yín kúrò nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ pa ohun inú ẹ̀ rẹ́. Bẹ́ ẹ ò bá kọ́kọ́ yọ Gmail, fóònù Android náà máa ń ti ara ẹ̀ mọ́ orúkọ yín, ẹni tẹ́ ẹ tà á fún á padà wá bá yín jà nísọ̀.

Nípàdé wa tó ń bọ̀, ẹni tó bá fẹ́ ká jọ wo ibi tí àwọn nọ́ńbà ẹ̀ wà, kó gbé fóònù ẹ̀ dání, kó mú ìwé tó kọ pásíwọ́ọ̀dù Gmail sí wá, kó sì ṣájì ẹ̀ wá láti ilé.